Láti Ààfin Farnese dé Ahoro Castro: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Mi ní Ítálì

Ọjọ́ Àìkú. Róòmù, Piazza Farnese

Ọ̀sán ni mo wọ Róòmù. Mo gbé ẹrù sí yàrá, mo fi omi bọ́jú, mo sì forí lé Piazza Farnese, nítorí ọ̀rọ̀ ìdílé Farnese ló gbé mi wá sí Ítálì. Medici àti Borgia ni gbogbo ayé máa ń dárúkọ bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn ìdílé tó fi oyè Póòpù gbé ara wọn ga. Lójú tèmi, àwọn Farnese ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Póòpù kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ọdún 15 péré ló lò lórí oyè, láti 1534 dé 1549. Ohun tí wọ́n sì fi ọdún 15 yẹn kó jọ, ó di 1731 kó tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ní ilẹ̀ wa, bí ọba bá wàjà, ìdílé rẹ̀ ṣì wà lára àwọn ìdílé tí oyè ń yí kiri láàárín wọn. Wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá kàn wọ́n lọ́jọ́ kan. Ti Póòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kádínà ló ń dìbò yàn án, arúgbó ni wọ́n sì sábà máa ń yàn. Ọjọ́ tó bá kú ni agbára kúrò nílé rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ìdílé bá fẹ́ rí gbà, ilẹ̀ ni o, oyè ni o, ìyàwó láti ilé ọba ni o, kí bàbá tó mí kanlẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti gbà á. Ìkánjú yẹn ni mo fẹ́ tọ ipa rẹ̀.

Ààfin náà ga, ó sì fẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Àsíá Faransé ló ń fẹ́ lójú rẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé ni báyìí. Antonio da Sangallo Kékeré ló bẹ̀rẹ̀ ilé yìí nígbà tí Alessandro Farnese ṣì jẹ́ kádínà lásán. Nígbà tí ó di Póòpù, wọ́n tún àwòrán ilé náà yà kó lè tóbi sí i. Sangallo kú ní 1546, Michelangelo sì gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ló ṣe etí òrùlé tó yọ síta gàgàrà yẹn, òun náà ló ṣe fèrèsé àárín tó wà lókè ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú àmì ìdílé: òdòdó lílì mẹ́fà. Iwájú ilé ní ìsun omi méjì. Agbada òkúta tí omi ń dà sí jẹ́ ti ilé ìwẹ̀ Olú-ọba Caracalla láyé àtijọ́. Lílì ni wọ́n fi dé wọn lórí. Ibi gbogbo tí mo yíjú sí, lílì ni.

Ọjọ́ Ajé. Vatican

Mo dé kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ èrò ti tò. Nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀ṣì Peteru Mímọ́, mi ò tẹ̀ lé àwọn tó ń sáré lọ wo Pietà, ère Màríà tó gbé òkú Jésù lé ẹsẹ̀. Mo rìn lọ sí òpin rẹ̀ pátápátá, níbi tí àga ńlá tí Bernini ṣe wà. Lápá òsì àga yẹn ni ibojì Póòpù Paul Kẹta wà, ìyẹn Alessandro Farnese fúnra rẹ̀. Apá ọ̀tún ni ti Póòpù Urban Kẹjọ, ọmọ ìdílé Barberini. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn. Ẹni tó bá mọ̀ pé Urban yìí ni yóò gbógun ti àwọn ọmọ Paul ní 1641 yóò dúró níbẹ̀ pẹ́, bí èmi náà ṣe dúró.

Guglielmo della Porta ló ṣe ibojì Farnese. Idẹ ni Póòpù fúnra rẹ̀: ó jókòó, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó na ọwọ́ kan jáde bí ẹni ń pẹ̀tù sí aáwọ̀. Obìnrin méjì tí wọ́n fi òkúta mábù gbẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan ti dàgbà, ọ̀kan ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n ní ìyá Póòpù ni wọ́n fi ojú àgbà yẹn jọ, pé ojú ọ̀dọ́ náà sì ni ti Giulia àbúrò rẹ̀. Ìhòòhò ni wọ́n gbẹ́ ọ̀dọ́ yìí nígbà àkọ́kọ́. Kí ọ̀rúndún yẹn tó parí, wọ́n fi aṣọ irin bò ó. Bí èèyàn bá tẹjú mọ́ ọn, àwọ̀ aṣọ náà yàtọ̀ sí àwọ̀ ara mábù, etí ibi tí irin ti kan òkúta sì hàn gbangba ní èjìká.

Láti ọ̀dọ̀ Giulia ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Àwọn Farnese jẹ́ jagunjagun onílẹ̀ ní ìgbèríko tó wà ní àríwá Róòmù, lẹ́bàá adágún Bolsena. Canino ni wọ́n ti bí Alessandro ní 1468. Giulia fẹ́ Orsino Orsini ní 1489, ṣùgbọ́n ó di àlè Rodrigo Borgia, ẹni tó di Póòpù Alexander Kẹfà ní 1492. Ní 1493, Póòpù yìí fi ẹ̀gbọ́n Giulia joyè kádínà. Ọmọ ọdún 25 ni. Àwọn ará Róòmù kò dákẹ́. Wọ́n ń pè é ní kádínà abẹ́ yẹ̀rì. Orúkọ burúkú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó farada á. Ó sin Póòpù kan tẹ̀ lé òmíràn, ó kàwé, ó lọ́gbọ́n inú, ó sì bí ọmọ mẹ́rin kó tó gba oyè àlùfáà ní 1519. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 1534, ó di Póòpù. Ẹni ọdún 66 ni.

Kò tó oṣù mẹ́ta tó fi méjì nínú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ joyè kádínà: Alessandro, ọmọ ọdún 14, àti Guido Ascanio Sforza, ọmọ ọdún 16. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó sì ṣì ń bí mi. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé jíjẹ mímu nìkan ló wá ṣe. Òun ló fọwọ́ sí ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà Jésúìtì ní 1540. Òun ló pe àpérò ńlá Trent tó bẹ̀rẹ̀ ní 1545, èyí tó tún ìjọ Kátólíìkì tò. Òun ló yọ Ọba Henry Kẹjọ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́gbẹ́, ìyẹn ni pé ó lé e kúrò nínú ìjọ. Abẹ́ rẹ̀ ni Michelangelo ti parí àwòrán Ìdájọ́ Ìkẹyìn ní ilé àdúrà Sistine ní Vatican ní 1541.

Ohun kan wà tó kan àwa náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1537, Paul Kẹta kọ ìwé tí wọ́n ń pè ní Sublimis Deus. Ó sọ nínú rẹ̀ pé èèyàn bí èèyàn ni àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gba òmìnira wọn tàbí ohun ìní wọn, àti pé bẹ́ẹ̀ náà ni kó rí fún ènìyàn gbogbo tí àwọn Kristẹni bá tún máa bá pàdé. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ní 1548, Póòpù kan náà fọwọ́ sí i pé kí àwọn ará Róòmù máa ra ẹrú, kí wọ́n sì máa lò wọ́n. Mo ronú kan àwọn ará wa tí wọ́n kó lọ sí Bàhíà àti Kúbà ní ọ̀rúndún mélòó kan lẹ́yìn náà, lọ sọ́wọ́ àwọn olówó tó ń lọ sí máàsì lọ́jọ́ Àìkú. Ẹni tó bá fẹ́ yin Paul Kẹta fún ìwé àkọ́kọ́, kó má gbàgbé èkejì.

Mo sọdá sí ibojì Urban kí n tó jáde. Oyin ni àmì Barberini, àwọn oyin idẹ sì wà káàkiri ara ibojì náà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bà síbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Róòmù

Wọ́n jẹ́ ká wọ inú ààfin lónìí. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, kó sì mú ìwé ìrìnnà dání. Òrùlé gbọ̀ngàn tí Annibale Carracci yà ni gbogbo wa wá wò. Ìfẹ́ àwọn òrìṣà àtijọ́ ló kún ibẹ̀, ní ilé tí kádínà ń gbé. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ ní ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ju pé ó dára gan-an.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo dé Il Gesù, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Jésúìtì. Kádínà Alessandro, ọmọ ọdún 14 àná yẹn, ló náwó kọ́ ọ nígbà tó dàgbà, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sí iwájú ilé Ọlọ́run náà. Wọ́n máa ń sọ ní Róòmù pé ohun mẹ́ta tó rẹwà jù tí ó ní ni ààfin Farnese, Il Gesù, àti Clelia ọmọ rẹ̀ obìnrin. Kádínà ni o. Òun náà fẹ́ di Póòpù, kò rí i jẹ. Ó kú ní 1589.

Ọjọ́rú. Caprarola

Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ní Viterbo, ó sì gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ láti fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi kiri. A gba Carbognano kọjá, ìlú kékeré tí Giulia fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàkóso lẹ́yìn tí Borgia kú. Ẹni tí gbogbo Róòmù ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ wá fúnra rẹ̀ di alákòóso ìlú. Inú mi dùn láti rí odi ilé rẹ̀.

Caprarola ni ibi tí ìdílé yìí ti sọ ìtàn ara wọn fún aráyé. Bí èèyàn bá ń gòkè bọ̀ ní òpópónà ìlú, ilé náà ló dí ojú ọ̀run mọ́ ọn. Wọ́n gé ojú ọ̀nà tààrà la ìlú kọjá kí àlejò má lè rí nǹkan mìíràn. Odi ogun onígun márùn-ún ni Sangallo fẹ́ kọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1559, Kádínà Alessandro gbé e fún Vignola, ayàwòrán ilé, ẹni náà sì sọ odi ogun di ààfin. Ìta ní igun márùn-ún, ṣùgbọ́n àgbàlá inú rẹ̀ rí róbótó. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń lọ́ yípo lórí àwọn òpó tí wọ́n tò ní méjì-méjì; àbúrò mi dúró sí ìsàlẹ̀, ó ń wo òkè títí ọrùn fi ń ro ó.

Gbọ̀ngàn kan wà tí wọ́n ya iṣẹ́ ńlá ìdílé sí lára. Àwọn ará ilé Zuccari ló yà á. Ìgbéyàwó Ottavio, ọmọ-ọmọ Póòpù, pẹ̀lú Margaret, ọmọ Olú-ọba Charles Karùn-ún, wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Orazio àbúrò Ottavio pẹ̀lú Diane, ọmọ ọba Faransé. Ẹ wo ọgbọ́n yẹn: Olú-ọba àti ọba Faransé ń bá ara wọn jagun, Póòpù sì rí ìyàwó fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Opó ni Margaret nígbà tó dé ilé Farnese. Ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Alessandro de' Medici, dúùkù Florence, tí wọ́n pa ní 1537. Il Moro ni àwọn èèyàn ń pè é. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ìyá tó bí i jẹ́ ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú nílé àwọn Medici. Mo sọ fún àbúrò mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọn ò kọ́ wa ní èyí rí."

Ohun tí mi ò rí lára gbogbo ògiri náà ni bí Pier Luigi ṣe kú. Pier Luigi ni ọmọ Póòpù, bàbá Ottavio. Ní 1545, bàbá rẹ̀ gé Parma àti Piacenza kúrò lára ilẹ̀ ìjọ, ó fi í jẹ dúùkù ibẹ̀. Àwọn ọlọ́lá Piacenza kò gbà á, gómìnà Milan tó ń ṣojú Olú-ọba sì wà lẹ́yìn wọn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 1547, wọ́n wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n pa á, wọ́n sì so òkú rẹ̀ kọ́ ojú fèrèsé kí ará ìlú lè rí i. Arúgbó ẹni ọdún 79 gbọ́ ìròyìn náà ní Róòmù. Olú-ọba tó mọ̀ sí ikú yìí, àna wọn ni.

A parí sí yàrá àwòrán ayé. Ní 1574 ni wọ́n ya ilẹ̀ ayé gbogbo sí ògiri rẹ̀: Yúróòpù, Éṣíà, Amẹ́ríkà, àti Áfíríkà tiwa. Àwọn ìràwọ̀ wà lókè àjà. Kádínà kan lè jókòó níbẹ̀ kó na ìka sí ilẹ̀ tí kò ní dé láéláé.

Ọjọ́bọ̀. Castro

Òní ni mo ti ń retí látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn yìí. A gba ẹ̀bá adágún Bolsena, a rí odi Farnese ní Capodimonte àti erékùṣù Bisentina níbi tí wọ́n ń sin àwọn bàbá ńlá wọn sí. Lẹ́yìn náà ni a wọ ọ̀nà tóóró tó kọjá Ischia di Castro. A gbé ọkọ̀ sílẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí wọ́n kọ́ fún Jésù orí àgbélébùú. Àwọn ará agbègbè ṣì ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni.

Igbó ni. Àbúrò mi bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé a ò tíì ṣìnà báyìí?" A ò ṣìnà. Àárín ìlú la wà. Nígbà tí ojú wa mọ́ra, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí i: ìpìlẹ̀ ògiri tí kò ga ju orúnkún lọ, orí òpó kan tó dojú dé, gbòǹgbò igi tó fi ara wé òkúta tí wọ́n gbẹ́ dáadáa. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ ra ewé gbígbẹ kúrò lójú òkúta kan. Létí rẹ̀ ni ipa irin agbẹ́kùúta ṣì wà, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, bákan náà ní ìwọ̀n. Ẹnìkan ló fi sùúrù ṣe é.

Ní 1537 ni Paul Kẹta dá ilẹ̀ dúùkù Castro sílẹ̀ fún Pier Luigi. Ó rán Sangallo wá tún ìlú kọ́, pẹ̀lú gbàgede, ààfin, àti ilé tí wọ́n ti ń rọ owó. Bíṣọ́ọ̀bù ní ìjókòó níbẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Dúùkù Odoardo Farnese ti jẹ gbèsè kọjá ààlà. Ó ti bá Sípéènì jagun nítorí Faransé, ó sì ti yá owó lọ́wọ́ àwọn olówó Róòmù, owó tó ń wọlé láti Castro ló sì fi dúró. Urban Kẹjọ àti àwọn ará ilé rẹ̀ rí àyè. Póòpù ka kíkó ọkà láti Castro wọ Róòmù léèwọ̀. Bí ọkà kò bá wọ Róòmù, owó kò ní wọlé. Bí owó kò bá wọlé, gbèsè kò ṣeé san. Bí gbèsè kò bá ṣeé san, ẹ jẹ́ ká gba ilẹ̀. Ní 1641, ọmọ ogun Póòpù gba Castro, ní 1642 wọ́n yọ Odoardo lẹ́gbẹ́. Venice, Tuscany àti Modena gbè sẹ́yìn Farnese, ogun náà sì rẹ Póòpù. Ní oṣù kẹta ọdún 1644 wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà, wọ́n dá Castro padà. Urban kú ní oṣù keje. Póòpù tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ìnáwó wọn wò, àwọn Barberini sì sá lọ sí Faransé.

Póòpù tuntun yẹn, Innocent Kẹwàá ti ìdílé Pamphilj, ni Castro kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yan Bíṣọ́ọ̀bù Cristoforo Giarda fún ìlú náà, Ranuccio Kejì ọmọ Odoardo kò sì fẹ́ ẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 1649, wọ́n pa bíṣọ́ọ̀bù náà lójú ọ̀nà, nítòsí Monterosi, kó tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀. Farnese ni wọ́n dá lẹ́bi. Ogun Póòpù dó ti ìlú. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, Castro jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Títú ìlú ká ló kù: ilé, ààfin, ilé owó, kàtídírà, wọ́n wó gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Wọ́n gbé ìjókòó bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Acquapendente. Wọ́n ní òpó kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, tí wọ́n kọ sí i lára pé: *Qui fu Castro*. Níbí ni Castro wà rí.

Àbúrò mi jókòó lórí ògiri kan. Ó ní, "Ṣé ẹni tó jẹ gbèsè ni wọ́n fìyà jẹ yìí, àbí àwọn tó ń gbé ìlú rẹ̀?" Mo ní àwọn tó ń gbé ìlú rẹ̀ ni. Ranuccio kú sórí oyè rẹ̀ ní Parma ní 1694. Alágbẹ̀dẹ Castro, ìyá olóńjẹ ibẹ̀, ẹni tó ń lu agogo kàtídírà, wọ́n di ẹrù, wọ́n tú ká. Inú mi bàjẹ́ níbẹ̀ ju bí mo ṣe rò pé yóò bàjẹ́ lọ. Ìdílé kan gba ilẹ̀ yìí nítorí pé bàbá wọn jẹ Póòpù. Ìdílé méjì mìíràn dojú kọ ọ́ nítorí pé ó ti kan bàbá tiwọn. Kò sí ìgbà kan tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bi ará Castro léèrè.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó wọ bàtà tó le, kó má dá lọ, kó sì ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí ihò wà nínú igbó náà tí koríko ti bò.

Ọjọ́ Ẹtì. Naples

Àbúrò mi gbé mi dé ibùdókọ̀ ojú irin kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Kí oòrùn tó dé àtàrí, mo ti wà ní Naples.

Ní ilé àwòrán Capodimonte ti Naples níbí ni àwòrán tí Titian ya Paul Kẹta àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ méjì wà. 1545 sí 1546 ló yà á, kò sì parí rẹ̀. Póòpù tẹ̀ síwájú lórí àga, ó ti gbó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Kádínà Alessandro dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó gbá orí àga mú. Ottavio ń tẹrí ba lápá ọ̀tún, ìtẹríba náà sì pọ̀ jù. Aago kékeré kan wà lórí tábìlì. Ọwọ́ ọ̀tún Póòpù kò tíì parí, ọ̀dà ni wọ́n kàn fà síbẹ̀. Mo ti rí àwòrán yìí nínú ìwé lọ́pọ̀ ìgbà, mi ò sì mọ̀ pé ìbẹ̀rù pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí. Gbogbo wọn mọ ohun tí aago yẹn ń sọ. Lẹ́yìn náà ni Ottavio kọ̀wé pé òun yóò bá àwọn ọ̀tá bàbá bàbá òun lọ bí wọn kò bá fi Parma sílẹ̀ fún òun. Ìbínú mú arúgbó náà, ibà sì tẹ̀ lé e. Ó kú ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1549. Ottavio ló sì padà ní Parma.

Ọ̀sán, mo lọ sí ilé ohun àtijọ́ láti wo Hercules Farnese. Ó ga ju mítà mẹ́ta lọ, ó rẹ̀ ẹ́, ó fi ara ti kùmọ̀ rẹ̀, ó sì fi èso mú sẹ́yìn níbi tí ẹni tó dúró níwájú kò ti lè rí i. Nígbà tí wọ́n hú u jáde ní ilé ìwẹ̀ Caracalla, kò ní ẹsẹ̀. Della Porta, ẹni tó ṣe ibojì Póòpù, ló gbẹ́ ẹsẹ̀ tuntun fún un. Nígbà tí wọ́n sì rí ẹsẹ̀ àtijọ́, wọ́n ní tuntun dára, kó máa wà bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dá ojúlówó padà.

Bí ó ṣe dé Naples náà jẹ́ ìtàn. Antonio, dúùkù Farnese ìkẹyìn, kú láìbímọ ní 1731. Elisabetta, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti fẹ́ ọba Sípéènì, ọmọ rẹ̀ Charles ló sì jogún ohun gbogbo. Charles di ọba Naples, ó kó àwọn àwòrán lọ láti Parma. Àwọn ère ṣì wà ní Róòmù nígbà náà. Ferdinand ọmọ rẹ̀ ló ní kí wọ́n kó wọn wá. Póòpù Pius Kẹfà ta kò ó pé kí wọ́n má kó wọn kúrò ní ìlú. Wọ́n kó wọn.